Àga Ni Ó Ń Jẹ́ Kàtídírà

Bí a bá rí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ga tí ó sì gbòòrò, kíá ni a ti ń pè é ní kàtídírà. Àwọn ìjọ mìíràn tilẹ̀ ti kọ orúkọ náà sára pátákó ẹnu ọ̀nà wọn, nítorí pé ó dùn létí. Ìjọ tí bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá fi ibẹ̀ ṣe ìjókòó, n kò bá a wíjọ́. Àwọn yòókù ni mo ń bá wí.

Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, àga ni ìtumọ̀ rẹ̀, pàápàá àga tí olùkọ́ ń jókòó lé láti kọ́ni. Òun gan-an ni ó wà nínú Ìhìn Rere Mátíù orí 23, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ àwọn tí ó jókòó ní àga Mósè. Nígbà tí ó ṣe, ó di àga bíṣọ́ọ̀bù, ẹni tí í ṣe olùkọ́ àgbà fún ìjọ; ilé tí àga náà wà sì gba orúkọ lára rẹ̀. Àwọn tí ó ti Bràsíìlì padà wá tẹ̀dó sí Èkó sún mọ́ gbòǹgbò yìí jù wá lọ: cadeira ni wọ́n ń pe àga ìjókòó nínú ilé wọn, ọmọ ìyá kan náà sì ni òun àti kàtídírà.

Kí ni ó wá ṣòro níbẹ̀ fún ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó? Ìga Ìdúngànràn kì í ṣe ìga nítorí gíga rẹ̀. Àwọn ìjòyè onífìlà funfun náà ní ìga tiwọn. Òmíràn nínú wọn kò ga ju ilé aládùúgbò rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oyè wà níbẹ̀. Ilé alájà ogún tí ó wà ní Marina kò lè fi gíga di ìga.

Ṣọ́ọ̀ṣì Kristi tí ó wà ní Marina kan náà jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní 1867 ni a fi ìpìlẹ̀ ti àkọ́kọ́ lélẹ̀, ṣùgbọ́n Èkó kò tíì ní bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ìgbà tí a dá Dáyósíìsì Èkó sílẹ̀ ní 1919 ni ọ̀nà tó là fún un láti di ilé àga. Èyí tí a ń wò lónìí, 1924 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì parí ní 1946.

Ọ̀rọ̀ Àjàyí Crowther ni ó jẹ́ kí n máa jà fún ìtumọ̀ yìí. Ní Kàtídírà Canterbury ni a ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, 1864. Àwọn ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni a fi lé e lọ́wọ́. Èkó sì ti bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti 1861; bíṣọ́ọ̀bù Sàró ni ó ń ṣe àkóso ìjọ ibẹ̀. Bàbá náà gbé Èkó, Èkó ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891, síbẹ̀ kò ní àga ní Èkó. Ní 1976 ni a gbé ohun tí ó kù lára rẹ̀ wọ inú Kàtídírà Marina. Ẹni tí ó rò pé ilé ńlá lásán ni ilé náà, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí a ṣe fún bàbá náà lọ́jọ́ náà?

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi àga hàn wọ́n, kí ẹ tó fi dùùrù àti fèrèsé hàn wọ́n.