Kí Ẹ Tó Sanwó Omi Tí Wọ́n Ń Fà Síni Lára



Oyún kẹta bàjẹ́ lára ìyàwó mi nílé wa ní Karama, nígbà tí ọmọbìnrin wa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ní pálọ̀. Màmá mi pè láti London: "Ṣé kì í ṣe àbíkú báyìí?" Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyàwó mi gan-an.

Ilé ìwòsàn kan wá ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bá oyún jà. Wọ́n ní ká sanwó Intralipid, omi olóróró tí wọ́n máa fà sí i lára. Owó náà ju owó ilé wa oṣù kan lọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. A kì í tún nǹkan ṣe láìmọ ohun tó bà á jẹ́. Mo bá jókòó, mo kàwé.

Nígbà kan, wọ́n máa ń gún sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ sára ìyàwó. Lọ́dún 1999, Carole Ober àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí jáde: 36 nínú 100 àwọn tó gbà á ló bímọ, àwọn tó gba omi iyọ̀ lásán, 48 nínú 100. Ní 2002, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dá a dúró, àyàfi fún ìwádìí. Intralipid ńkọ́? Ẹgbẹ́ dókítà ESHRE ní Yúróòpù ní ẹ̀rí rẹ̀ ò tíì tó.

Àmọ́ ọ̀kan wà tí ẹ̀rí wà fún: antiphospholipid syndrome. Ara ló ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tó sì ń ba ibi ọmọ jẹ́. Ní 1997, Raj Rai, Lesley Regan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní London rí i pé nínú obìnrin 45 tó lo aspirin nìkan, 19 ló bímọ. Nínú 45 tó fi heparin kún un, 32. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12 síra wọn.

Kò sẹ́ni tó ṣe é fún wa rí. Àwa la béèrè fún un níbòmíì. Àkọ́kọ́ fi hàn pé ó wà. A ń retí ìkejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè àyẹ̀wò yìí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì dá oògùn lò láìrí dókítà.

Mo ṣàlàyé fún Màmá. Àwọn ló kọ́ mi pé "ibi" là ń pè é. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ìyàwó mi. "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."