Igun Òbí àti Ọmọ: Ẹranko omi tó ń fi etí ríran

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ wa ní Berlin àti Hamburg, igun wa tún dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọmọ súnmọ́ tòsí, kí àgbà kan kà á sí wọn létí, nítorí ọ̀rọ̀ etí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Àbùùbùtán ni Yorùbá ń pe ẹranko ńlá inú òkun tí àwọn Jámánì ń pè ní Wal. Orúkọ náà sọ ara rẹ̀: èèyàn á bù ú, á tún bù ú, kò ní tán. Ẹja kọ́ o! Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná bíi tiwa, ó ń wá sókè láti mí, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló tóbi. Èyí tó kéré wà nítòsí wa níbí, Schweinswal ni wọ́n ń pè é. Gígùn rẹ̀ kì í sáábà tó mítà méjì, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju ti àgbàlagbà èèyàn lọ. Ẹ̀yin ará Hamburg, ó máa ń wọ odò Elbe wá bá yín! Ní ìgbà ìrúwé, ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ Stint máa ń gòkè odò láti lọ yé ẹyin. Schweinswal á tẹ̀lé oúnjẹ rẹ̀, nígbà mìíràn títí dé èbúté. Bí ẹ bá dúró létí omi, tí ẹ rí ẹ̀yìn dúdú kan tó yọ ní ẹ̀ẹ̀kan tó tún rì, ẹ wò ó dáadáa.

Omi Elbe kì í mọ́ gaara, àbí? Báwo wá ni ẹranko yìí ṣe ń rí ẹja pa nínú òkùnkùn yẹn? Etí ló fi ń ríran.

Ẹ̀yin ọmọ, bí èèyàn bá pariwo sínú kànga tàbí níwájú àpáta ńlá, ohùn rẹ̀ á padà wá bá a. Gbohùngbohùn ni Yorùbá ń pè é. Schweinswal á ta ohùn kékeré jáde láti iwájú orí rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná ta tábìlì: kó, kó, kó. Ohùn náà á kọlu ẹja, á sì padà. Bó bá tètè padà, ẹja wà nítòsí. Bó bá pẹ́, ó ṣì jìnnà. Àwọn àdán kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóru. Nínú omi, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bíi 340 péré ni. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí Schweinswal gbá ẹja mú, á ta ohùn yìí ju ìgbà 300 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Onílù wo ló lè yára tó bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, àwa kò lè gbọ́ ọ. Etí èèyàn kì í gbọ́ ohùn tó bá ga ju 20 kilohertz lọ, ti Schweinswal sì tó nǹkan bíi 130. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹja Orca tó ń pa á jẹ kì í gbọ́ ohùn tó ga tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí a bá tún ní "ẹja" Orca, ẹ rántí pé ìbátan àbùùbùtán lòun náà.

Ohùn yìí kan náà ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí ni wọ́n ń bímọ. Ní 1999, ìjọba Schleswig-Holstein ya omi sọ́tọ̀ fún wọn ní agbègbè erékùṣù Sylt, nítorí ìyá àti ọmọ pọ̀ níbẹ̀. Ohùn wọn kì í rìn jìnnà, nítorí náà ìyá kì í fi ọmọ sílẹ̀ lọ títí. Nínú omi tí ojú kò ríran, ohùn ìyá ni ọ̀nà ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: ariwo. Bí ọkọ̀ ojú omi ńlá bá ń kọjá, Schweinswal lè dáwọ́ ọdẹ dúró, bẹ́ẹ̀ ara kékeré rẹ̀ kò lè fara da ebi pẹ́. Ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n bú àdó olóró 42 tó ṣẹ́kù láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì nísàlẹ̀ òkun ní Fehmarnbelt. Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ yẹ òkú Schweinswal tí wọ́n rí létíkun wò, wọ́n sì rí i pé ìbúgbàù ti ba etí àwọn kan jẹ́. Àwọ̀n apẹja náà ń pa wọ́n. Láàárín 2011 sí 2013, wọ́n ri ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn sínú Òkun Baltic ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ láti fi kà wọ́n. Àwọn tó ń gbé àárín òkun náà kò ju nǹkan bíi 500 lọ.

A dúpẹ́ pé nǹkan ń yí padà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gbá òpó irin ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ nínú òkun, wọ́n máa ń fi ọ̀pá tú afẹ́fẹ́ yí ibẹ̀ ká, kí ìfófòó omi lè gba ariwo náà mọ́ra.

Òkun ilé wa ńkọ́? Láti nǹkan bí oṣù Keje, àbùùbùtán ńlá tí wọ́n ń pè ní Buckelwal máa ń wá bímọ sí òkun Benin àti Gabon. Akọ wọn ń kọrin, wọ́n sì ń kọ́ orin lára ara wọn nípa gbígbọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Gabon ní 2001 wé ti Brazil ní ọdún kan náà, wọ́n jọra gan-an. Òkun tó là wọ́n láàárín kò pa orin náà.

Ẹ̀yin òbí, orin tí ọmọ kò gbọ́, kò lè kọ ọ́. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Lálẹ́ òní, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí kan, kí ẹ bá àwọn ọmọ sọ Yorùbá, kí wọ́n gbọ́ ohùn yín.

Ẹ̀yin ọmọ Berlin, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí Museum für Naturkunde. Níbẹ̀ ni Tierstimmenarchiv wà, ibi tí wọ́n ń kó ohùn ẹranko pamọ́ sí, tí Günter Tembrock dá sílẹ̀ ní 1951.

Ìbéèrè fún àwọn ọmọ: (1) Kí ni Yorùbá ń pe ohùn tó padà wá? (2) Kí ló dé tí Orca kì í fi gbọ́ Schweinswal? (3) Ẹja wo ló ń fà á wọ Elbe? Ẹ mú ìdáhùn wá sí ìpàdé, ní Yorùbá o!