Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Ọmọ Wọlé

Ẹ̀yin ìyá ọjà! Ta ló ní kí obìnrin tó ń rọbí dùbúlẹ̀ gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n ti ìyá rẹ̀ mọ́ta? Láti 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kó yan ẹni tí yóò dúró tì í, kó máa rìn, kí wọ́n máa bá a ra ẹ̀yìn, kí wọ́n fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e níbàdí. (A ò ní kẹ́nikẹ́ni má gba abẹ́rẹ́ ìrora o!) Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ ní àyè ò sí. Ẹ fi kọ́tìnì pín in! Igbe yín ló ń lé àwọn ọmọ wa lọ mu àgbo tá ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Kọ́tìnì ọ̀hún, àwọn aláṣọ ọjà wa á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.