Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ìlasa

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ọmọdé tó ń kọ́ oókà mọ̀ ọ́n. Àwọn tí òwe náà ń bá wí ni mo fẹ́ tètè dé ọ̀dọ̀ wọn: àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa lórí rédíò, tí wọ́n máa ń ka ẹ̀fà tán, tí wọ́n á sì ní kí kálukú máa lọ sílé.

Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ ètò kan lórí ìbejì Igbó-Ọrà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà gbé ẹ̀rọ síwájú ìyá kan, ó bi í pé kí ló dé tí ìbejì fi pọ̀ tó báyìí nílùú yín. Ìyá ní, "Ìlasa àti àmàlà tí à ń jẹ ni." Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin tó ń wá ọmọ, ẹ ti gbọ́ o. Wọ́n fi orin sí i, ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ parí. Ìbéèrè tó tóbi jù tí ilẹ̀ Ìbàràpá ní láti bi gbogbo ayé ni wọ́n fi ìṣẹ́jú péréte pa tì bẹ́ẹ̀.

Ó bí mi nínú, ó ṣì ń bí mi nínú. Ìyá yẹn kọ́ ló ṣẹ̀ mí. Òun nìkan ló ṣiṣẹ́ nínú ètò náà: wọ́n bi í, ó dáhùn ohun tó mọ̀. Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tí kò bi í ní ìbéèrè kejì. Ewé ilá ni ìlasa. Wọ́n ń jẹ ẹ́ l'Ẹ́gbàá, wọ́n ń jẹ ẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé Igbó-Ọrà ni wọ́n kọ orúkọ ìbejì sí lẹ́nu bodè? Ṣé ewé náà ni, àbí iṣu tí wọ́n fi ro àmàlà, àbí ẹ̀jẹ̀ ìran wa? Kò bi í. Ó ti rí ẹ̀rín rẹ̀ rín.

Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti ka ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà fún wa tipẹ́tipẹ́. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá kọ́ṣẹ́ ní Ìbàràpá, Igbó-Ọrà sì ni ojúkò iṣẹ́ náà. Dókítà Patrick Nylander, oníṣègùn aláboyún láti UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, ka ìbí àwọn obìnrin ìgbèríko wa. Nígbà tó tẹ ohun tó rí jáde ní 1969, ìbejì 45 ló bá nínú ìbímọ 1,000. Ní Yúróòpù nígbà náà, bíi 12 ni. Kò dúró síbẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá wò, ó sì rí i pé họ́mọ́nù tí wọ́n ń pè ní FSH pọ̀ lára àwọn tó bí ìbejì, pàápàá àwọn tó bí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ibí yìí gan-an ló yẹ kí rédíò ti máa ta sánsán. Kókó kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ló ń tú FSH sínú ẹ̀jẹ̀. Lóṣooṣù, ẹyin mélòó kan á jọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó nínú obìnrin. Bí ọ̀kan bá ti ta àwọn yòókù yọ, FSH á lọ sílẹ̀, àwọn tó kù á rọ. Ṣùgbọ́n bí FSH bá pọ̀, ẹyin kejì á rí nǹkan jẹ, òun náà á gbó. Táyé àti Kẹ́hìndé tó bá ti ibẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán ni wọ́n, tí wọ́n jọ wọkọ̀ kan náà. Àwọn tó jọra bí ìmumu, tí wọ́n ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, wọn kì í ju bíi 4 lọ nínú 1,000 níbikíbi láyé. Ẹlẹ́yin méjì ni tiwa fi ju ti gbogbo ayé.

Ẹ má sì tíì lé ìyá onílasa jáde. Nylander fúnra rẹ̀ ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tálákà ń bí ìbejì ju àwọn olówó lọ, ó sì fura sí oúnjẹ. Àbá lásán ni ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, àmọ́ irú àbá tí àwọn onímọ̀ ń gbé yẹ̀ wò ni; ẹ̀rín kọ́ ló yẹ ẹ́. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan tún tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí ibi méjì nínú àbùdá ènìyàn tó ní í ṣe pẹ̀lú ìbejì ẹlẹ́yin méjì, ọ̀kan sì wà nídìí iṣẹ́ FSH yìí gan-an. Àwọn wo ni wọ́n yẹ̀ wò? Àwọn ìyá ní Netherlands, Australia, Amẹ́ríkà àti Iceland. Ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n ń sọ, a kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan á ní sáyẹ́ǹsì le, olùgbọ́ á yí rédíò síbòmíràn. N kò gbà. Àwọn olùgbọ́ yìí kan náà ló ń jókòó ti rédíò gbọ́ kókó inú ìwé ìròyìn láràárọ̀, tí wọ́n ń fi etí wo bọ́ọ̀lù tí wọn kò fojú rí.

Òwe mìíràn ló tún ń jẹ mí lọ́kàn ju ti àkọ́kọ́ lọ: àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá dúró lágbede méjì kì í dákẹ́, ó ń lọ ṣiṣẹ́. Obìnrin tó gbọ́ ètò yẹn, tó jẹ ìlasa títí tí kò rí ìbejì bí, orí ta ni wọ́n á di ẹ̀bi rù nílé ọkọ? Ní ìlú Cândido Godói ní Brazil, tí ìbejì pọ̀ sí bíi tiwa, wọ́n tan ìtàn kálẹ̀ pé Mengele, dókítà ìjọba Hitler, ló wá fi oògùn ṣe é. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ tú ìwé ìrìbọmi ìlú náà wò ni wọ́n tó rí i pé ìbejì kò pọ̀ sí i rárá ní àwọn ọdún tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀.

Ìlú Ìdèrè kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, a sì ti rí irú ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ tán bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Èèyàn á mu omi adágún lónìí; kòkòrò bíńtín wà nínú omi náà, ọmọ sòbìà wà nínú kòkòrò. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni aràn gígùn yẹn á tó yọ lẹ́sẹ̀, ní fífà díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìrora. Bí ẹlẹ́sẹ̀ náà bá tún wọ inú adágún lọ pọnmi, aràn á bímọ sínú omi. Ta ni yóò fi omi èṣín so mọ́ egbò òní? Abájọ tí ọ̀pọ̀ ará Ìdèrè fi gbà pé sòbìà ti wà lára ẹ̀dá láti ìbẹ̀rẹ̀, bí iṣan ṣe wà. William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn jókòó ti wọn; wọ́n béèrè, wọ́n gbọ́, wọ́n tún béèrè, títí aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi fi wọ ilé àwọn ènìyàn. Iye alárùn sòbìà tí wọ́n kà káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bí 1988 lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni wọ́n rí alárùn ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ìtàn ọdún kan gbáko ló wà láàárín ife omi àti ẹsẹ̀. Àwòrán kò lè sọ ọ́ tó ohùn. Àtìgbà àlọ́ ni etí wa ti mọ bí a ṣe ń dúró de ohun tó kàn.

Ètò kan wà lórí rédíò BBC láti 2016, CrowdScience ni wọ́n ń pè é: wọ́n á gbé ìbéèrè olùgbọ́, wọ́n á máa tẹ̀ lé e láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn, ní Yorùbá. Kí a gbọ́ ọ̀bẹ tó ń rẹ́ ewé ìlasa lórí àtẹ, kí a gbọ́ ìjábẹ̀ nínú ìkòkò, kí ìyá sọ tẹnu rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, kí agbẹ̀bí ṣí ìwé ìbí. Kí wọ́n ka ìbejì tó jẹ́ akọ kan, abo kan. Ẹyin kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀ pín. Nínú àwọn ẹlẹ́yin méjì, bí ìdajì ló máa ń rí báyìí, nítorí náà bí wọ́n bá sọ iye yẹn di ìlọ́po méjì, wọ́n ti mọ iye ẹlẹ́yin méjì nìyẹn. Kí olùgbọ́ ní Tápà, ní Ayétẹ̀, ní Lánlátẹ̀ ka ti agboolé tirẹ̀ náà, kó fi ránṣẹ́. Bí iye yẹn bá dé, ìbéèrè ọ̀sẹ̀ kejì ti wà nílẹ̀: onímọ̀ wo ni yóò wá yẹ ẹ̀jẹ̀ tiwa wò fún àbùdá tí wọ́n rí ní Iceland, ṣé yóò sì padà wá jókòó lórí rédíò sọ ohun tó bá fún ìyá onílasa, ní èdè tí ìyá gbọ́?