Ẹ Má Tíì Kó Àwọn UPS Yẹn Dà Nù

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mi ò fara mọ́ ọn pé ká kó àwọn UPS yàrá kọ̀ǹpútà dà nù torí pé wọ́n ń ké píì-píì. Ní Gwagwalada níbí, kí iná lọ kì í ṣe ìròyìn. UPS ló ń gbé wa dúró kí jẹnẹrétọ̀ tó tàn, orí kọ̀ǹpútà nìkan la sì ti ń ṣe JAMB láti 2015.

Èyí tó bá ń rùn tàbí tó gbóná jù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn yòókù, ẹ pa wọ́n, ẹ yọ wọ́n lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé. (Ta ló tiẹ̀ ní ká máa fi printa sí i?) Bọ́tìnnì kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn; tó bá ti yọ síta, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kí UPS nìkan wà lórí iná di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó dán an wò.

Tó bá ṣì ń kú bí iná bá ti lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì ló ti gbó. Ọdún 3 sí 5 ló sábà máa ń lò, ooru tiwa níbí sì ń dín in kù. Kí oníṣẹ́ iná pààrọ̀ rẹ̀. Òjé wà nínú èyí tó gbó, ẹ má jù ú sí ààtàn ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Owó bátìrì ni kí ẹgbẹ́ wa bá ilé ìwé sọ, kí àwọn SS3 tó wọ yàrá yẹn fún ìgbáradì JAMB.