Ìwé Wa Kì í Ṣe Ìwọ̀fà

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pe méjì. Àwọn ọlọ́jà kọ̀ǹpútà ń sọ fún àwọn olùkọ́, àwọn akéwì àti àwọn tí ń ṣàkójọ ìtàn ìlú wọn pé ẹni tí kò bá ra kọ̀ǹpútà àgbélétan tuntun tí ń dán gbinrin, tí kò sì máa sanwó ètò ìkọ̀wé lọ́dọọdún, ti di ará àtijọ́. N kò gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ètò ìkọ̀wé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti wúwo jù. Ẹni tí ó bá mọ ìṣe àwọn baba wa yóò rántí ìwọ̀fà. Bí ènìyàn bá yáwó, tí ó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kò dín gbèsè kù rárá. Èlé lásán ni. Bí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, odindi owó náà ṣì wà níbẹ̀. N kò rí ohun tí Microsoft 365 fi jọ nǹkan mìíràn. A ó san ti ọdún yìí, a ó san ti àmọ́dún, kò sì sí ọjọ́ kan tí a ó lè sọ pé ó ti di tiwa. Bí a kò bá san mọ́, yóò jẹ́ kí a ṣí ìwé wa, kí a kà á, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá; ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí a fi àmì ohùn kan ṣoṣo kún un. Ìwé tí èmi fúnra mi kọ!

Ẹ wo iye rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kìíní 2025, wọ́n gbé owó ti ẹnì kan láti dọ́là 69.99 lọ́dún sí 99.99. Wọ́n ní àwọ́n ti fi Copilot kún un. Ta ni ó bẹ̀ wọ́n? Nígbà tí Office Home 2024, èyí tí à ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún kọ̀ǹpútà kan, jáde ní oṣù Kẹwàá 2024, dọ́là 149.99 ni, wọn yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá 2029. Ẹni tí ó bá san ti ọdún méjì ti san ju iye yẹn lọ. Fún ẹni tí ń gbowó oṣù ní náírà, ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bí náírà 460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní ojú owó ìjọba, kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Ohun tí a ti rà tán kò gbọ́ ìròyìn yẹn.

Òótọ́ ni pé ti ẹbí gba ènìyàn mẹ́fà. Bí ọmọ mẹ́rin bá wà nílé ìwé gíga, n kò ní bá òbí wọn jà.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé Yorùbá ńkọ́? LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2010. Ìlànà ODF tí ó fi ń tọ́jú ìwé ti di ìlànà àgbáyé láti 2006, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí kan àwa ju àwọn mìíràn lọ. Unicode ní àyè kan fún ẹ, ọ àti ṣ, ṣùgbọ́n kò ní àyè kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń tò tẹ̀lé ara wọn. Kí èyí tó fìdí múlẹ̀, oníkálukú ń lo fọ́ǹtì àdáni tirẹ̀, ìwé tí ó dára lórí kọ̀ǹpútà kan a sì di wótowòto lórí òmíràn. Ṣé a tún fẹ́ fi èdè wa sí ìkáwọ́ ẹnì kan ni?

Ní ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tòkunbọ̀ tí a ṣe fún ọ́fíìsì, irú ThinkPad T, Latitude tàbí EliteBook, ni mo fara mọ́ ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé tú, a lè pààrọ̀ bátìrì wọn, àwọn alátùn-únṣe òpópónà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà sì mọ inú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 kì í sì í fẹ́ gba Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, àyàfi díẹ̀. Nítorí náà ni ìran kẹfà àti ìkeje fi kún ọjà, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tà wọ́n. Ẹni tí ó bá mọ Linux lè rà wọ́n tayọ̀tayọ̀. Kí ẹlòmíràn fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ wá èyí tí ó ní SSD àti RAM 8GB, ó kéré tán. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ sì lò ó fún ìdajì wákàtí níṣojú ẹni tí ń tà á, nítorí iná wa kò ṣeé gbọ́kàn lé. Bí ó bá kọ̀, ẹ kó owó yín, kí ẹ máa lọ sí ìsọ̀ kejì.