Béèsì Ọjà Yàtọ̀ sí Béèsì Ilé

Bí ẹ bá lọ ra hẹdifóònù ní Otigba, ní Ìkẹjà, ẹni tí ń tà á yóò fi orin onílù líle sí i, orí yín yóò wú, owó yóò sì jáde. Ẹ rọra! Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ àdúgbò yẹn a máa gbé ohùn ìsàlẹ̀ mì. Béèsì tí ó ṣe wẹ́kú lọ́jà lè di gbì-gbì-gbì ní yàrá tí ó dákẹ́.

“Oroki Social Club” ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí ó jáde ní 1971, ni kí ẹ fi dán an wò. Kí agídìgbo máa dún lábẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má bo ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá náà mọ́lẹ̀. Bí ó bá bò ó, ẹ ó máa yí ohùn sókè kí ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀, etí ni yóò sì jìyà rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀.

Èyí tí a ń kì bọ ihò etí ńkọ́? Bí béèsì rẹ̀ kò bá dún, ẹ má tí ì dá a padà. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rọ́bà orí rẹ̀ sí èyí tí ó dí ihò etí yín dáadáa, nítorí àlàfo ni béèsì ń gbà sá jáde.